Garawa Kan ní Tucson

Omi gbígbóná kì í tètè dé nílé wa.
Bí mo bá yí ẹ̀rọ, tútù ló kọ́kọ́ ń jáde,
á máa ṣàn, á máa ṣàn,
èmi á dúró níhòòhò, ma káwọ́ mọ́ra
bí ẹni ń retí àlejò tí kò kánjú.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wo omi yẹn
bó ṣe ń wọ ihò lọ.

Ta ni ìbá bá mi wí?
Ìkìrun ni mo ti pọnmi dàgbà.
Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì mo ti dé odò,
òṣùká lórí, garawa lórí òṣùká,
ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tí kò yọ̀ lójú ọ̀nà.
Bí omi bá ta sílẹ̀, ìyá mi á mọ̀:
á wo ẹnu garawa,
á wo ojú mi.
Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, tí mo rí ẹ̀rọ mẹ́fà nínú ilé kan ṣoṣo,
mo ní ọrùn mi ti gbòmìnira.
Mo wá ń fọ abọ́ kan
bí ẹni ń fọ mọ́tò ọba.

Tucson kò bá mi jà. Ó kàn gbẹ ni.
Odò wà níbẹ̀, ó lórúkọ, ó ní afárá,
iyanrìn ló ń gba abẹ́ afárá náà kọjá.
Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
Mo dà á síwájú ilé lóṣù Keje:
kí n tó gbẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ti mu ún tán,
ó tún ń wò mí lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni ìwé owó omi dé.
Omítólá ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, orúkọ ilé ọkọ mi.
Omi tó ọlá lóòótọ́. Wọ́n ti ṣírò ọlá náà sí dọ́là.
Màmá Ignacia, aládùúgbò wa, mi orí:
"Ẹ da nǹkan aláwọ̀ sínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín,
ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lọ jókòó."
Nǹkan aláwọ̀ wo ló wà nílé mi bí kò ṣe zobo?
Mo da ife kan sí i. Mo lọ rẹ́ ilá.
Nígbà tí mo padà, omi inú àwo ìsàlẹ̀ ti pọ́n
bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Gbogbo òru tí à ń sùn ló ń jò,
láìpariwo, bí olè tó mọ ilé.
Róbà pẹlẹbẹ kan ló jẹrà. Dọ́là mẹ́fà la fi ra tuntun.

Mo bá gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ ìwẹ̀
de omi tútù tó ń ṣáájú gbígbóná.
Omi àkọ́fọ̀ ìrẹsì, tó funfun bí omi ògì,
ata rodo mẹ́ta ẹ̀yìnkùlé ló ń mu ún.
Ẹwàtómi, ọmọ mi, gbé garawa náà pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn
lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sùn.
"Màmi, wọ́n á ní a ò lówó."
Ìyá mi rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ó fi húkọ́:
"O rìn jìnnà tó báyìí, o tún padà sídìí garawa!"

Láàárọ̀ àná, mo ti ibi iṣẹ́ òru dé,
mo gbọ́ ìró kan tí mo mọ̀ láti kékeré:
omi tó ń kún garawa,
tí ohùn rẹ̀ ń tínrín sí i bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu.
Ẹwàtómi jáde, irun rẹ̀ ń kán tó, tó,
ó fọwọ́ méjèèjì gbé e,
ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀,
ó kọjá lára mi lọ sídìí ata.
Díẹ̀ ta sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.
Mo wo ẹnu garawa.
N kò wo ojú rẹ̀.